Ọdẹbìnrin Tí Wọ́n Fi Ra Ọ̀nà

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ eré ni, ọ̀rọ̀ eré sì máa ń ṣòro láti sọ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Bí mo bá sáré sọ ọ́, ẹ ó ní kí ló kan arúgbó nínú eré àwọn ọmọdé. Ó kàn mí. Inú pálọ̀ mi ni wọ́n ti ṣe é, ọmọ ọmọ mi ni wọ́n sì ṣe é sí.

Kàbà ni ilé wa wà, ní àdúgbò kan tí èèyàn ti lè rí òkè láti ẹnu ọ̀nà bí ọyẹ́ kò bá bò ó. Ọkọ mi ti kú. Ọmọ mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ìyàwó rẹ̀ ń tajà níbẹ̀. Ọmọbìnrin wọn parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó ń dúró de kí yunifásítì pè é, wọ́n sì ní kó wá dúró tì mí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ku èmi àti òun nínú ilé. Ìye ló ń pè mí, bí a ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó lè bá mi ṣa ẹ̀wà láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí, kó má sọ ju "Ìye, òkúta pọ̀ nínú èyí" lọ.

Ọmọkùnrin kan ládùúgbò ló mú eré náà wá. Ìlọrin ló ti kàwé, ó ti parí, kò tíì ríṣẹ́. Ó wá bẹ̀ mí pé àwọn fẹ́ máa lo pálọ̀ mi ní ọ̀sán Sátidé, torí sólà wà níbẹ̀, fáànù sì ń ṣiṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó sọ ọ́. Mo ní irú eré wo? Ó ní eré ìtàn ni. Ó kó dáìsì jáde nínú àpò. Kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀ nídìí lúdò. Òmíràn nínú wọn lójú yíká bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó.

Ó ṣàlàyé, mo sì fara balẹ̀ gbọ́. Kò sí pátákó, kò sí ohun tí wọ́n ń tì kiri. Ẹnì kan ló ń di ìtàn mú, àwọn yòókù á yan ẹni tí wọ́n fẹ́ jẹ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó di ìtàn mú á sọ pé, "Ẹ ti dé etí odò, odò kún, kí lẹ máa ṣe?" Kálukú á sọ ohun tí ẹni tirẹ̀ fẹ́ ṣe, wọ́n á da dáìsì, dáìsì á sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Wọn kì í parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ibi tí wọ́n bá dé lónìí ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ, ọdún lè yí po lórí ìtàn kan. Wọ́n ní orúkọ òyìnbó tí wọ́n ń pe ẹni tó di ìtàn mú. Kò dúró lẹ́nu mi. Èmi ń pè é ní Onítàn, nígbà tó yá gbogbo wọn ń pè é bẹ́ẹ̀.

Inú mi dùn sí i. Àlọ́ ni wọ́n fi tọ́ èmi dàgbà. Nígbà tí ìyá mi bá ń pàlọ́, àwa ọmọ lè gbe orin, a lè pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé Ìjàpá kò lọ sí oko àna rẹ̀ mọ́. Bó ṣe sọ pé ó lọ, ó lọ. Nínú eré àwọn ọmọ yìí, ẹni tó ń gbọ́ ìtàn lè sọ pé òun ò lọ. Mo rò ó títí lórí ibùsùn, mo ní ohun tó dára lèyí.

Mẹ́ta ni wọ́n nígbà náà. Onítàn fúnra rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ẹlẹ́nu dídùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rín tán nílé. Àti tíṣà kan tó máa ń gun ọ̀kadà wá láti Mọ̀pà, tó jẹ́ pé eruku ọ̀nà ló máa ń kọ́kọ́ gbọ̀n dànù kó tó wọlé. Ọmọ ọmọ mi á gbé omi lọ fún wọn, á wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó dúró títí, Onítàn ní kó wá jókòó. Wọ́n ní kó yan ẹni tó fẹ́ jẹ́. Ó ní ọdẹ ni òun, ọdẹ obìnrin, tó mọ ẹsẹ̀ ẹranko lórí ilẹ̀.

Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohùn tí mo gbọ́, n kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọmọ yẹn rí.

"Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀," ó ní. "Mo fọwọ́ kan ilẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n kọjá níbí? Ṣé ilẹ̀ náà ṣì tutù?"

Láti ọjọ́ náà ni Ọdẹbìnrin ti ń bá wa gbé. Bí a bá ń jẹun lálẹ́, ọmọ mi á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i fún mi, bí ẹni ń ròyìn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó rìnrìn àjò. Ó sọ bí àmọ̀tẹ́kùn ṣe ha á léjìká, bó ṣe sùn sórí igi, bó ṣe pàdánù ọfà tó dára jù sínú irà. Ó yà á sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Mo wá mọ̀ ọ́n. Mo máa ń béèrè pé, "Ọdẹ wa ńkọ́?" á sì dá mi lóhùn bí ẹni pé ará ilé ni mo béèrè.

Ṣùgbọ́n mo ní etí. Ilẹ̀kùn pálọ̀ kì í sì í tì. Gbogbo ìlú tí wọ́n bá wọ̀ nínú ìtàn yẹn, ọkùnrin kan á wà níbẹ̀ tó máa fẹ́ fọwọ́ kan Ọdẹbìnrin. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan ẹni tí Tíṣà ń jẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n wà lẹ́bàá odò, ọmọ mi ní, "Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀yìn àpáta, ibẹ̀ ni omi ti fẹ́lẹ́." Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó tún un sọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Tíṣà ní, "Ẹ gbọ́, bí a bá gba ẹ̀yìn àpáta ńkọ́?" Atúnfóònùṣe ní, "Háà, orí Tíṣà pé." Wọ́n gba ẹ̀yìn àpáta. Bí omi bá sì tán lórí tábìlì, kò sí ẹni tí kì í wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Á fi ìtàn sílẹ̀, á lọ bu omi, kó tó padà wọ́n á ti ja ìjà kan parí.

Mo bi í léèrè. Mo ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ẹ yìí tẹ́ ẹ lọ́rùn?"

Ó ní, "Ìye, mo ti sọ fún Onítàn nípa àwọn ọkùnrin tó ń fọwọ́ kàn mí nínú ìtàn yẹn. Ó ní bí ayé ṣe rí nìyẹn."

Mo ní kó wá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kó wọn jọ, kí wọ́n ṣe tiwọn. Ó wá wọn. Ìyá ẹnì kan ní tẹ́tẹ́ ni dáìsì, ọmọ òun kò ní ta tẹ́tẹ́. Ẹnì kejì ní òun ń bá ìyá òun tajà ní Sátidé. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ ohun tó ń wí. Tábìlì eré yìí kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo Kàbà, èmi ni mo ni ín, èmi kọ́ ni mo sì ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀.

Ó wá di ìgbà ìkórè iṣu. Ìyá ìyá rẹ̀ ní Pónyàn ṣubú lóko, ó fẹsẹ̀ rọ́, wọ́n ní kí ọmọ náà wá ràn án lọ́wọ́. Ó lọ. Sátidé kò dúró de ẹnikẹ́ni; àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà wá, wọ́n kí mi bí a ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wa.

"Òkun o, Màmá."

"Òkun o, ẹ̀yin ọmọ."

Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń bó ẹ̀gúsí. Nínú ìtàn wọn, wọ́n ti dé ibi afárá kan. Baálẹ̀ kan ló ni afárá náà, kò jẹ́ kí wọ́n kọjá. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, dáìsì kọ̀. Wọ́n dọ́gbọ́n sí i, dáìsì kọ̀. Atúnfóònùṣe bá ní:

"Onítàn, baálẹ̀ yìí, ṣé ó níyàwó?"

"Ó ní. Wọn ò tó o ni."

"Àwa náà lọ́mọbìnrin kan lọ́wọ́."

"Ta ni?" Tíṣà ló béèrè.

"Ta ló tún kù? Ọdẹ wa kọ́ ló dúró síbẹ̀ yẹn? Láti àárọ̀ kò sọ̀rọ̀. Ọmọ tó tutù bẹ́ẹ̀, ta ni kò ní fẹ́ ẹ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Onítàn yí ohùn padà, ó di baálẹ̀. "Èmi kì í fẹ́ ọmọ tí n kò mọ ilé rẹ̀. Ta ni ẹbí rẹ̀?"

"Àwa ni. Èmi ni bàbá. Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n bàbá."

"Èmi kọ́," ni Tíṣà wí. "Èmi ni alága ìjókòó. Kí ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ ná, ká rí i bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì le."

Onítàn dìde lórí àga lóòótọ́, ó dọ̀bálẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì mi. Wọ́n ní àyà rẹ̀ kò kan ilẹ̀, ó tún un ṣe. Wọ́n dárúkọ iṣu, wọ́n dárúkọ epo, wọ́n dárúkọ aṣọ. Tíṣà ní kí baálẹ̀ fi iyọ̀ sí i torí ọmọ náà mọ ọfà ta. Wọn kò fo ohun kan. Gbogbo bí a ṣe ń tọrọ ọmọ ní ilẹ̀ Owé, ilẹ̀ wa ní Kàbà níbí, ni wọ́n ṣe é, wọ́n tiẹ̀ bi ẹbí léèrè lẹ́ẹ̀mẹta bóyá kí wọ́n gbà á. Ẹbí sì dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta pé kí wọ́n gbà á.

Mo gbé abọ́ ẹ̀gúsí sílẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó ni ọdẹ yẹn kò sí nílé o."

"A mọ̀, Màmá," ni Onítàn wí láti ilẹ̀. "A ó jíṣẹ́ fún un."

"Ẹ ò lè dúró dè é?"

"Ilẹ̀ ń ṣú, Màmá," ni Atúnfóònùṣe dáhùn, ó sì fi ìka kan tábìlì, bí ẹni pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń ṣú. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Tíṣà bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Wọ́n sì kọjá lórí afárá, wọ́n fi Ọdẹbìnrin sílẹ̀ lẹ́yìn.

Mo fẹ́ pe ọmọ mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Pónyàn kì í dúró. Bó bá tilẹ̀ dúró, kí ni mo fẹ́ wí? Pé ọmọ mi, wọ́n ti fi ọ́ fọ́kọ níbí? Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo padà sídìí ẹ̀gúsí.

Nígbà tó dé, n kò sọ ọ́ fún un. Mo fẹ́ kí àwọn tó ṣe é sọ ọ́. Sátidé kejì ó fọ ojú, ó ya irun rẹ̀, ó wọlé tọ̀ wọ́n. Mo gbọ́ Atúnfóònùṣe: "Ẹ kú oríire o, ìyàwó."

"Ìyàwó ta ni?"

Wọ́n sọ fún un. Gbogbo wọn ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń já ara wọn lọ́rọ̀ gbà, inú wọn dùn sí bó ṣe dùn tó.

"Ẹ dá a padà," ó ní.

"Kò ṣe é dá padà," ni Onítàn wí. "Ohun tó bá ti ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn ti ṣẹlẹ̀. O mọ òfin."

"Èmi ò sí níbẹ̀."

"Ìyàwó wo ló máa ń wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dájọ́ fún un?" Atúnfóònùṣe ló sọ èyí.

Tíṣà ní, "O ṣì lè máa bá wa ṣe é. O lè máa sọ ohun tó ń lọ nínú ilé baálẹ̀. Ohun tó dáa ni, o lè máa gbọ́ àṣírí fún wa."

Ọmọ náà dìde. Kò pariwo. Ó ní, "Mo fẹ́ kí ẹ dá a padà sí etí afárá, ibi tó dúró sí. Kí ẹ bi mí ohun tó fẹ́ ṣe. Bí mo bá ní kó fẹ́ ẹ, kó fẹ́ ẹ. Bí ẹ ò bá bi mí, n kò ní jókòó síbí mọ́." Ó kọjá lára mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ohun tó fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n bi í.

Àwọn ọmọkùnrin náà kì í ṣe ọmọ burúkú. Ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ti ṣẹ ilé tí wọ́n ń jókòó sí, wọ́n sì ṣe ohun tí ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé ń ṣe lọ́dọ̀ wa bó bá ṣẹ̀: wọ́n wá ẹni tó máa bá wọn bẹ̀bẹ̀. Wọn kò wá bá ọmọ náà. Wọn kò wá bá èmi. Ọ̀dọ̀ àbúrò ọkọ mi ni wọ́n lọ.

Òun ni olórí ẹbí wa báyìí. Nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé níyàwó, ọmọ kékeré ni. Èmi ni mo ń wẹ̀ fún un, èmi ni mo ń nu ikun nímú rẹ̀. Síbẹ̀ ọkọ mi ni, bí àṣà wa ṣe wí. N kò pe orúkọ rẹ̀ rí, òun náà kò sì pè mí ní nǹkan mìíràn ju Ìyàwó lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó kó àwọn ọmọkùnrin náà wá. Wọ́n gbé iṣu, wọ́n gbé páálí mọ́ọ̀tì kan. Iṣu tòótọ́ ni o, kì í ṣe ti inú ìtàn. Ó jókòó sí àga ọkọ mi, àwọn yẹn nà gbalaja sílẹ̀.

"Ìyàwó, àwọn ọmọ yìí wá bá mi. Wọ́n ní àwọn ṣẹ ilé yìí."

"Ilé kọ́ ni wọ́n ṣẹ̀, ọkọ mi. Ọmọ kan ni wọ́n ṣẹ̀."

"Ọmọ ilé wo?"

"Ọmọ ilé yìí."

"Wọ́n ṣẹ ilé nìyẹn." Ó yíjú sí Onítàn. "Kí lẹ ṣe gan-an? Tún un sọ kí ìyàwó mi gbọ́."

Onítàn sọ ọ́. Kí ó tó dé ibi tí wọ́n ti ní kí ọkọ ìyàwó tún dọ̀bálẹ̀, àbúrò ọkọ mi ti ń rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Ẹ fi ọmọ mi fọ́kọ, ẹ ò sì gbé ìdáná wá sọ́dọ̀ mi? Iṣu tẹ́ ẹ gbà ńkọ́?"

"Inú ìtàn ló wà, Bàbá."

"Ẹ lọ kó o jáde láti inú ìtàn. Iṣu ọmọ mi kò gbọdọ̀ rà síbẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà fẹ́ mú èmi gan-an, torí ó dùn létí. Mo mú ara le. Mo ní, "Ọkọ mi, ohun tí ọmọ náà ń béèrè kò pọ̀. Ó ní kí wọ́n dá ọdẹ òun padà sí ibi tó wà, kí wọ́n bi òun léèrè. Ó wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ jẹ́ ká pè é kí wọ́n bi í."

"Ìyàwó." Ohùn rẹ̀ rọ̀, bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. "Àwọn èèyàn ti dọ̀bálẹ̀. Ṣé ọmọ ló ń gba ẹ̀bẹ̀ ni?"

Mo tún la ẹnu, ó ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó wúre fún wọn, ó ní Onítàn á ríṣẹ́, Atúnfóònùṣe á kọ́lé, ọ̀nà Mọ̀pà kò ní mu ẹ̀jẹ̀ Tíṣà. Wọ́n ń ṣe àmín. Mo ṣe àmín pẹ̀lú wọn. Ta ni kò ní ṣe àmín sí ìyẹn? Lẹ́yìn náà ló wá ní kí wọ́n pe ọmọ náà. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Wọ́n ti bẹ̀ wá. A ti gbà. Ó ti tán. Dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Ẹ ṣé," ó ní.

Ẹni tí kì í ṣe ará ibí lè ní kí ló dé tí n kò sọ̀rọ̀ nígbà náà. Lọ́dọ̀ wa, bí àgbà bá ti wúre lé ẹ̀bẹ̀ lórí, ẹni tó bá tún ọ̀rọ̀ náà gbé dìde ni oníjà. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ọmọ náà ni wọ́n máa ní ó lórí kunkun. Mo gbé iṣu náà lọ sí ilé ìdáná. A jẹ ẹ́. Kí la fẹ́ ṣe sí i? Iṣu tó dára ni.

Nídìí iná ló ti bi mí.

"Ìye, kí ni wọ́n bá mi gbà?"

"Ẹ̀bẹ̀."

"Ṣé wọ́n máa dá a padà?"

"Wọn ò sọ."

"Ẹ ò bi wọ́n?"

"Mo bi wọ́n."

Ó ro ọbẹ̀.

Ó padà sídìí tábìlì lọ́jọ́ Sátidé, torí wọ́n ti gba ẹ̀bẹ̀. Àbúrò ọkọ mi tilẹ̀ yà kó wò ó bóyá ó jókòó, kó tó bá tirẹ̀ lọ. Inú Onítàn dùn, ó ní àwọn ti tún un ṣe.

"Baálẹ̀ ti kú," ó ní. "Ejò ló bù ú ṣán."

"A ti bá ẹ pa ọkọ ẹ," ni Atúnfóònùṣe wí. "Dúpẹ́."

Mo rí ẹ̀yìn ọmọ náà láti ibi tí mo wà. Ó nà. Ó ní, "Ó dáa. Mo gbé ọfà mi. Mo jáde nínú ilé náà."

"Rọra," ni Onítàn wí. "Opó ni ẹ́ báyìí."

Àwọn ọmọ yẹn ti lọ béèrè. Wọ́n ti bi àbúrò ọkọ mi bí opó ṣe ń ṣe ní ilẹ̀ Owé láyé àtijọ́, ibi tó ń jókòó sí, iye ọjọ́ tí kì í jáde, bó ṣe ń wọ dúdú. Wọn kò fẹ́ ṣe àṣìṣe kankan mọ́. Wọ́n fẹ́ kí àṣà pé pérépéré. Nítorí náà Ọdẹbìnrin á jókòó sínú yàrá títí ọ̀fọ̀ á fi tán, ọmọ mi á máa bá wọn ka ojú dáìsì títí di ìgbà náà.

Èmi mọ ìjókòó yẹn. Nígbà tí ọkọ mi kú, mo jókòó sílẹ̀ nínú yàrá kan, àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa mi lórí mi, wọ́n ń bi ara wọn léèrè bóyá mo ti jẹun, èmi sì wà níbẹ̀. Mo fara dà á torí ọkọ mi ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ yìí kò mọ baálẹ̀ kankan.

Mo wọ pálọ̀. N kì í wọ ibẹ̀ bí wọ́n bá ń ṣeré, àyàfi ọjọ́ náà.

"Onítàn, ẹni ti Tíṣà yìí, kí ló máa ń ṣe bí ogun bá le?"

"Ó máa ń di èéfín, Màmá."

"Èéfín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Á gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá."

"Ọkùnrin lè di èéfín nínú ìtàn yín, opó ò wá lè jáde nílé?"

Onítàn gbé dáìsì sílẹ̀. Mo rò pé ó wọ̀ wọ́n lára. Lẹ́yìn náà Atúnfóònùṣe pàtẹ́wọ́. "Màmá mọ ọ̀rọ̀ sọ," ó ní. "Ẹ wò ó, ó yẹ kí Màmá wá máa bá wa ṣe é." Tíṣà fa àga fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Onítàn rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni mo sọ, òótọ́ pọ́ńbélé, ṣùgbọ́n idán ni ti èéfín, àṣà sì ni ti opó. Ó bi mí bóyá kí àwọn dín fáànù kù, kí òtútù má mú mi. Mo ní rárá. Mo jáde. Wọ́n da dáìsì.

Ọmọ mi jókòó síbẹ̀, ó ń ka ojú dáìsì fún wọn. Sátidé tó tẹ̀ lé e náà, ó kà á. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní bí òun bá fi wọ́n sílẹ̀, kí ni òun á máa ṣe ní Sátidé? Mo ronú pé kí n lé wọn nílé, mo sì mọ̀ pé wọ́n á kó dáìsì wọn lọ sí ilé àbúrò ọkọ mi, inú rẹ̀ á dùn láti gbà wọ́n, ọmọ mi kò sì ní tẹ̀ lé wọn dé ibẹ̀.

Nígbà tó yá, ó mú ìwé tuntun, ó jókòó sórí ibùsùn, ó ń kọ. N kò bi í. Ọ̀sán Sátidé ni mo tó gbọ́ ọ láti ilé ìdáná.

"Ẹ dúró," ó ní. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó fà á wá láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun. "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun òkè yẹn kí n tó padà."

"Ó dáa, Balógun," ni Onítàn dáhùn.

"Tíṣà, ìwọ lọ sí ọ̀tún. Ìwọ, máa ṣọ́ ẹṣin."

"Mo gbọ́, Balógun."

Wọ́n ṣe bó ṣe wí. Kò sẹ́ni tó já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Mo gbọ́ Atúnfóònùṣe tó ní, "Ọmọ yìí ti wá mọ eré yìí ṣe gan-an. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e." Wọ́n yìn ín, wọ́n yìn ín tọkàntọkàn.

Ó wá bu omi. Mo ní, "Ta ni ẹ́ báyìí?"

"Ọkùnrin ni mí, Ìye. Balógun. Mo ti jagun rí, mo nírùngbọ̀n."

"Ṣé wọ́n ń gbọ́ tìrẹ?"

"Wọ́n ń gbọ́."

"Ọdẹ ńkọ́?"

Ó ń wo omi tó ń dà sínú jọ́ọ̀gì. "Ó wà nínú yàrá níbẹ̀ yẹn. Wọn ò tíì rántí rẹ̀."

Mo fẹ́ gba jọ́ọ̀gì náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí n bá a gbé e, ṣùgbọ́n ó ti mú un. Onítàn pè láti pálọ̀ pé, "Balógun, wọ́n ti dé ẹnu ibodè o, ìwọ là ń dúró dè." Ó lọ. Mo gbọ́ bí àga ṣe fà nílẹ̀. Ó fọ ọ̀fun, ó tún ohùn rẹ̀ ṣe kó nípọn, gbogbo wọn sì dákẹ́ láti gbọ́ ọ.